Èwo Nínú Wọn Ló Béèrè Dáadáa

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ já mi láyà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, èdè òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́. Dókítà àgbà dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ mi, àwọn dókítà kékeré méjì sì dúró tì í. Ó sọ fún wọn pé irú ìpá báyìí ló dára kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀. Èmi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo wé gèlè àdìrẹ, mo ró ìró bí àwọn ìyá yòókù. Kò sí ohun kan lára mi tó fi hàn pé mo ka ìwé jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin. N kò gbé ojú sókè. Mo kàn di ẹsẹ̀ ọmọ mi mú lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ibi tí itan rẹ̀ ọ̀tún ti pàdé ikùn ni ó ti ń wú. Bí ó bá sunkún, á yọ síta. Bí ó bá sùn, á padà wọlé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ ni mo máa ń fi ìka wò ó. Lọ́jọ́ kan ní àkókò òjò, ó yọ síta, kò wọlé mọ́. Ibẹ̀ le bí èso tí kò tíì pọ́n, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A sáré gbé e láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ sí ọsibítù. Wọ́n rọra fi ọwọ́ tì í padà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ìfun ló ń gba ihò kan jáde, pé yóò tún jáde, àti pé bí ihò náà bá fún un mọ́lẹ̀ pẹ́, ìfun náà lè kú, ọmọ sì lè bá a lọ. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ojútùú rẹ̀. Èmi gbà. Ohun tí n kò gbà ni kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ mi kọ́ṣẹ́.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìkọ́ṣẹ́. Aṣọ rírán ni iṣẹ́ ọkọ mi, yàrá iwájú ilé wa sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bébà àpò sìmẹ́ńtì ni yóò máa gé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀, á bọ́ sórí àpò ìyẹ̀fun, lẹ́yìn náà á bọ́ sórí aṣọ tí a fi ń ṣe inú kóòtù, èyí tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà kí ọ̀gá tó sọ pé kó fọwọ́ kàn án, ìgbátí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Mo jókòó lórí àpótí yẹn, mo ń ro ó pé kí ni àpò ìyẹ̀fun àwọn dókítà. Ara ọmọ ẹlòmíràn ha ni bí?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì yá. Bí ọ̀gá bá ti bi í ní ohun kan, ó ti dáhùn, ó sì máa ń wo ọ̀gá lójú tààrà. Èkejì kúrú, ó ní pélé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ọ̀gá bá bi í ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá sọ fún un lójú gbogbo wa pé kó gbé orí sókè. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé èyí kò mọ nǹkan kan. Mo gbàdúrà kí ó má jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ẹni gíga.

Ohun kan wà tí mo rí tí n kò kà sí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹni gíga fọwọ́ kan ọmọ mi níkùn, ọmọ náà gbọ̀n rìrì nítorí ọwọ́ tútù. Onípélé kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá wọn kò yé kọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ má ṣe bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè tí 'rárá' lásán lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tí wọ́n ṣe nínú ilé fún yín. Inú ohun tí wọ́n ṣe ni ẹ ó ti rí ohun tí ẹ ń wá." Òyìnbó ni ó fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ́ ọ sórí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ní Obalende, tí ọmọ rẹ̀ wà ní ibùsùn kejì, fi ẹnu tọ́ka sí ẹ̀yìn wọn.

Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ rí èyí tó gùn yẹn? Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì tó èyí tí èmi ní."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà, ìyá ọkọ mi ti dé láti Ìsàlẹ̀ Èkó kí oòrùn tó jáde. Láti ibi ìrun ni ó ti bọ́ sọ́nà, ìborùn funfun ṣì wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ lọ wẹ̀, mo sì sọ òfin tí nọ́ọ̀sì fi lélẹ̀ fún un, n kò yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹun, wọn ò sì gbọdọ̀ fún un lómi o."

"Mo gbọ́, ìyàwó. Ta ló fẹ́ fún un lóúnjẹ? Ṣé mo gbé ìkòkò dání ni?"

"Ẹ má bínú mà."

"Máa lọ wẹ̀. Ọkọ tèmi náà ni."

Nígbà tí mo padà dé, ọmọ náà jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Dókítà gíga dé láìpẹ́, ó dúró lórí wa.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹ fún un lómi?"

Mo wo ojú Ìyá. Òun náà mi orí pé rárá.

"Rárá, sà," ni mo wí.

Ó mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó kọjá sí ibùsùn kejì. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ, kò sì sí irọ́ nínú orí tí Ìyá mì. Mo ti ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọ mi kí wọ́n lè wọ aṣọ ọsibítù fún un nígbà tí onípélé dé. Òun kò dúró lórí wa. Ó lóṣòó síwájú Ìyá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ṣe ń ṣe.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Ìwọ lo fẹ́ tún ọkọ mi ṣe?"

"A jọ fẹ́ tún un ṣe ni, Ìyá. Láti ìgbà tí ẹ ti dé, kí lẹ ti ṣe fún un?"

"Kí ni n ò ṣe fún un? Mo nù ún lójú. Mo sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Mo ṣe àdúà sí i lórí."

Onípélé rẹ́rìn-ín. "Àdúà ẹnu nìkan ni, àbí ẹ mú nǹkan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àáfà?"

Inú Ìyá dùn pé ẹnì kan béèrè. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, ó yọ ìgò kékeré kan tó ti ṣófo jáde. Hàntú ni. Àáfà àdúgbò wọn ti kọ àyọkà Kùránì sórí wàláà, ó ti fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, Ìyá sì ti fi oyin sí i kí ó lè dùn lẹ́nu ọmọ.

Ìyá ní, "Ó mu ún tán pátá. Kò ṣẹ́kù ẹ̀kán kan."

Mo dáwọ́ bọ́tìnnì dúró. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí nípa kí ikùn ṣófo, nítorí mo ti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi rẹ̀ ẹ́: bí wọ́n bá fi oògùn kun ènìyàn lóorun, tí nǹkan sì wà níkùn rẹ̀, ó lè gòkè wá kí ó sì gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí a ti jókòó yẹn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé ọmọ mi lọ. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi, ahọ́n mi sì ti fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n onípélé kò tíì dìde níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. A ò ní lè ṣe iṣẹ́ náà lónìí mọ́."

"Kí ló dé? Àdúà lẹ wá ń pè ní oúnjẹ?"

"Rárá o. Àdúà ti wọlé, Ìyá. Omi tó gbé e wá ló ṣì wà níkùn."

Ìyá wo ìgò náà, ó wo ọmọ.

Dókítà àgbà dé bá wa níbẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ẹni gíga sì ń wo bàtà rẹ̀ nígbà tí ó kan òun. Mo rò pé ọ̀gá yóò bú u, ṣùgbọ́n èmi ni ó yíjú sí. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá náà, ó sì mọ èdè wa sọ dáadáa nígbà tó bá wù ú.

Ó ní, "Màmá, àwọn méjèèjì yìí, èmi ni mo ń kọ́ wọn. Lójoojúmọ́ ni mo ń fún wọn ní máàkì lórí ohun tí wọ́n sọ fún mi, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú. Lónìí, ẹ̀yin lẹ ó fún wọn. Èwo nínú wọn ló béèrè dáadáa?"

N kò fẹ́ dáhùn. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tí mo bá sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa lè rántí mi ní ọjọ́ tí n kò ní fẹ́ kó rántí. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun tí ẹni gíga béèrè, mo sọ èsì tí mo fún un. Mo sọ ohun tí onípélé béèrè, àti pé Ìyá ni ó kọ́kọ́ kí. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀ padà fún un, èyí tó sọ nípa ìbéèrè tí "rárá" lásán lè dáhùn. Èdè òyìnbó ni mo fi sọ ọ́, bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an.

Ìyá olóńjẹ Obalende yí orí padà ní ibùsùn kejì. Ọ̀gá bi mí pé,

"Ẹ̀yin gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ nígbà náà?"

"Mo gbọ́, sà. Mo gbọ́ ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Èmi ńkọ́? Kí lẹ rí nínú bí mo ṣe ń kọ́ wọn?"

Mo ti bọ́ sínú rẹ̀, kò sí ibi tí mo lè gbà jáde. Mo ní, "Ẹ ń kọ́ wọn láti béèrè, sà. Ẹ kò kọ́ wọn láti sọ ìdí. Wọ́n ní kí ọmọ má jẹun, wọn ò sọ ohun tó fà á fún Ìyá. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí mo yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu, èmi náà kò sì rántí sọ ọ́ fún un. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún Ìyá pé nǹkan tó wà níkùn lè gba ọ̀nà èémí lọ, ìgò yẹn ì bá wà lábẹ́ ìró títí di ìrọ̀lẹ́."

Ìyá ní, "Òótọ́ ni. Ṣé mo ya wèrè ni, tí n ó fi fún un?"

Ọ̀gá kò bínú. Ó ní kí ẹni gíga jókòó ti Ìyá kí ó ṣàlàyé fún un. Ó ṣàlàyé, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ìyá ń bá a rí i, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ọmọ Èkó tí kò lè pe ẹ̀dọ̀fóró." Òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ fi ẹnu kò pé ní ọjọ́ tí a bá tún dá, Ìyá yóò fi hàntú pa orí àti àyà ọmọ, kò sì ní kan ẹnu rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wá sọ ohun tí n kò retí. Ó ní, "Màmá, ẹni tí ẹ fún ní máàkì yìí, òun ni mo fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà. Èmi yóò dúró tì í, ọwọ́ mi yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní rárá, èmi ni n ó ṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò bi yín ní ìdí."

Ẹnu mi ni mo fi gbé ọ̀bẹ lé ẹni tí mo ń sá fún lọ́wọ́. Mo wo onípélé. Mo ní, "Ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí?"

Ó wo ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì dáhùn. "Mo ti dúró ti ọ̀gá níbi iṣẹ́ náà, mà. Mo ti bá wọn di ojú ọgbẹ́ mú. Mo ti rán awọ ara lẹ́yìn tí wọ́n parí. Èyí tó wà nínú, n kò tíì ṣe é rí."

Mo ní mo fẹ́ bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán, ọkọ mi dé pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, nítorí ó gbàgbé láti bọ́ ọ sílẹ̀. A dúró sí faranda. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Kí lọkàn rẹ sọ?"

"Ó ní kí n ní rárá."

"Ṣé ọ̀gá máa wà níbẹ̀?"

"Ó ní òun máa wà níbẹ̀."

"Bí ọmọ iṣẹ́ mi kò bá gé aṣọ níṣojú mi, ṣé ẹ̀yìn mi ni kó ti lọ gé e?"

"Ọmọ mi kì í ṣe aṣọ."

"Mo mọ̀," ni ó wí. Ó bọ́ tépù náà lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ọwọ́. "Àwa méjèèjì la bí i. Ṣùgbọ́n ìwọ lo rí ọwọ́ wọn, èmi kò rí i. Ohun tí o bá sọ ni èmi náà sọ."

Mo rò ó ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Bí mo bá kọ̀, ọwọ́ àgbà ni yóò ṣe é, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọwọ́ àgbà yẹn náà ni ẹni gíga wà nígbà tó gba "rárá" lẹ́nu mi tó sì kọjá lọ. Kì í ṣe ọwọ́ ló yọ ọmọ mi lọ́jọ́ náà, bí kò ṣe ìbéèrè. Mo sì rí i pé ẹni tó ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ níbi ẹnu, ó ṣeé ṣe kí ó ṣọ́ra níbi abẹ. N kò ní ẹ̀rí kankan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún ọ̀gá pé mo gbà, ohùn mi kò sì dún bí ohùn ẹni tó gbà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n tún dá, Ìyá pa hàntú sí ọmọ lórí àti láyà, òórùn oyin kún ibùsùn, eṣinṣin sì ń dà bò wá. Ẹni gíga ló wá bi wá léèrè. Ó lóṣòó, ó ní, "Ìyá, kí lẹ ṣe láàárọ̀ yìí?" Ìyá dá a lóhùn pé òun kò ní sọ àfi tó bá pe ẹ̀dọ̀fóró. Ó pè é. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Ó nawọ́ sí mi títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

N kò lè ròyìn wákàtí yẹn. Mo mọ̀ pé mo ń wo igi kan ní ọgbà ọsibítù, pé Ìyá ń fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, pé ọkọ mi jókòó lọ́wọ́ òsì. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún, mo ń dìde.

Onípélé fúnra rẹ̀ ló jáde wá. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn sì ti bo iwájú orí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wò mí lójú.

"Ọmọ yín ti ń jí, mà. Ihò náà ti dí. Ìdì kan wà tí mo kọ́kọ́ dì sí okùn tí a fi rán an, ọ̀gá ní kò le tó, ó ní kí n tú u kí n tún un dì. Mo tún un dì. Ọ̀gá fọwọ́ kàn án, ó ní ó dáa."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ọkọ mi di ọwọ́ dókítà náà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ ìdì náà.

Mo béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ sọ ìyẹn fún wa?"

Ó ní, "Ọ̀gá ní láti ìsinsìnyí lọ, kí a máa sọ ìdí, kí a sì máa sọ ohun tí a ṣe. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun."

N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́. Bí ó bá ti dákẹ́, n kì bá ti mọ̀ pé ìdì kan wà rárá. Ojú ọgbẹ́ náà jinná dáadáa, ó kéré, ó tọ́, ó dára ju ojú ìránṣọ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkọ mi lọ. Ibẹ̀ kò tún wú mọ́ láéláé. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, bí ọmọ náà bá fò kọjá gọ́tà níwájú ilé, tàbí bí ó bá wúkọ́, tàbí bí ó bá rẹ́rìn-ín jù, ọwọ́ mi á ti wà lábẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ kí ó tó mọ̀, ìka mi á máa wá ibi tí ìdì kejì yẹn wà.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni yóò máa wí. "Àwọn ọmọ ń wò mí."